Bí A Ṣe Ń Rin Ìrìn-Àjò Mímọ́ Nítòsí Ilé

Ọ̀pọ̀ Kristẹni ló ti pinnu rí pé àwọn á fẹsẹ̀ rìn lọ síbì kan láti lọ pàdé Ọlọ́run. Wọ́n jáde láàárọ̀, wọ́n rìn, wọ́n débẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì padà sílé. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ìrìn náà àti ọjọ́ tí wọ́n kàn jáde lọ nasẹ̀. Àwọn míì ò tilẹ̀ jáde rárá. Wọ́n ń retí ọjọ́ tí owó Jerúsálẹ́mù máa pé, ọdún ń gorí ọdún, ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lójú kan.

Lójú tèmi, kì í ṣe ibi tí wọ́n lọ ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹrù tí wọ́n gbé jáde ló pọ̀ jù. Ẹnì kan á fẹ́ fi ìrìn kan ṣoṣo tọrọ ìwòsàn fún ìyá rẹ̀, kó dúpẹ́ ọdún tó kọjá, kó bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tó ń ṣagídí, kó sì béèrè ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ. Kó tó débẹ̀, àdúrà ti di ohun tó ń tò lẹ́sẹẹsẹ, ọkàn ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń lé eku méjì á pòfo. Ohun kan ṣoṣo ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé: ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan jáde, kí ọ̀rọ̀ náà sì yan ibi tí ẹ ń lọ, Sáàmù tí ẹ máa kà, àti ohun tí ẹ máa ṣe nígbà tí ẹ bá padà dé.

Ẹlòmíì á bi yín pé, ṣé Ọlọ́run ò sí níbi gbogbo ni? Ó wà. Jésù fúnra rẹ̀ sọ fún obìnrin ará Samáríà ní Jòhánù 4 pé wákàtí ń bọ̀ tí kì í ṣe orí òkè tí àwọn ará Samáríà ti ń jọ́sìn tàbí Jerúsálẹ́mù ni wọ́n á ti máa sin Baba. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí ìrìn-àjò nítòsí ilé ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé Ọlọ́run fara pa mọ́ síbì kan tí a ń wá a lọ. Àwa ló yẹ ká kúrò nídìí ariwo wa.

OHUN TÍ Ẹ MÁA NÍLÒ

– Ewé kan tí ẹ da ẹsẹ̀ Bíbélì tí ẹ máa lò kọ sí, tàbí Bíbélì kékeré. Ẹ má gbára lé èyí tó wà lórí fóònù.
– Ìwé kékeré kan àti bírò.
– Bàtà tó ti mọ́ ẹsẹ̀ yín lára. Bàtà tuntun ti ba ìrìn tó pọ̀ jẹ́.
– Omi, ó kéré tán ìdajì lítà fún wákàtí kan, kó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí oòrùn bá mú.
– Ìpápánu díẹ̀, fìlà tàbí agboòrùn, pílásítà fún ẹsẹ̀, àti oògùn tí dókítà ní kí ẹ máa lò.
– Fóònù tí iná rẹ̀ kún, fún pàjáwìrì nìkan.
– Ẹnì kan nílé tó mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti ìgbà tó yẹ kí ẹ dé.
– Odindi ọjọ́ kan. Bí ìrìn náà ò bá tiẹ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ má fi ìpàdé kankan sí ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ọkàn á ti sáré lọ síbi ìpàdé náà kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílé.

1. Ẹ MÚ Ọ̀RỌ̀ KAN ṢOṢO

Ìgbésẹ̀ yìí ló yẹ kó gba àkókò jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ ìrìn.

Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn yín sílẹ̀, láìyọ ọ̀kan kúrò. Ẹ pa á dé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kà á sókè, kí ẹ fetí sí ohùn yín. Ó máa ń sí ọ̀kan tí ẹnu á fẹ́ yára kọjá lórí rẹ̀, tàbí tí ohùn á yí padà tí ẹ bá dé ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun ni. Kì í sábà jẹ́ èyí tó wà lókè ìwé, torí ohun tó rọrùn láti sọ la máa ń kọ́kọ́ kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di gbólóhùn kan tí ẹ ń bá Ọlọ́run sọ, gbólóhùn tí ẹ lè sọ tán kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá. “Olúwa, ran ìdílé mi lọ́wọ́” ò tíì tó. Ó gbòòrò ju ohun tí èèyàn lè gbé rìn. Ẹ fi wé èyí: “Olúwa, mo ti ń bínú sí ẹ̀gbọ́n mi látìgbà tí Bàbá ti kú, mú un kúrò lọ́kàn mi.” Èyí ní orúkọ, ó ní ìgbà, ó sì sọ ohun tí a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ ọpẹ́ ni, ẹ sọ ohun tí ẹ ń dúpẹ́ fún gan-an. Tó bá jẹ́ ìrònúpìwàdà, ẹ pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ tó ń jẹ́. Tó bá sì jẹ́ ìtọ́sọ́nà, ẹ béèrè ìbéèrè kan, ẹ má béèrè mẹ́ta.

Ibì kan wà tó ń gbé èèyàn ṣubú níbí: kí a máa fi ìrìn náà bá Ọlọ́run dúnàá-dúrà. “Tí mo bá rin kìlómítà mẹ́wàá, Olúwa, ìwọ náà á ṣe é fún mi.” Ẹsẹ̀ wa ò lè ra nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ má sì fi ìkánjú jẹ́ ẹ̀jẹ́; Oníwàásù 5 sọ pé ó sàn kéèyàn má jẹ́ ẹ̀jẹ́ rárá ju kó jẹ́ ẹ kó má san án lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ńkọ́? Ẹ ká ìwé náà, kí ẹ fi í sínú Bíbélì tó wà nílé. Ẹ ò pa wọ́n tì, àmọ́ wọn ò bá yín lọ lónìí.

Ẹ ó mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti yanjú tí ẹ bá lè sọ gbólóhùn náà láìwo ìwé, tí kò sì yí padà láti àárọ̀ di alẹ́. Tó bá ṣì ń yí padà, ẹ sún ọjọ́ ìrìn síwájú. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.

2. Ẹ JẸ́ KÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ YAN IBI TÍ Ẹ Ń LỌ

Ibi tí Jékọ́bù fi òkúta rọrí sí ní Jẹ́nẹ́sísì 28, tó wá sọ ní Bẹ́tẹ́lì, ilẹ̀ lásán ni lójú ẹlòmíì tó bá ń kọjá. Àmọ́ ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bá a pàdé nígbà tó ń sá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Ọlọ́run ní kó padà lọ ní orí 35, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́tẹ́lì tiyín ló yẹ kí ẹ wá. Kò pọn dandan kí ibẹ̀ lórúkọ. Ó kàn gbọ́dọ̀ kan ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé dání ni.

Tó bá jẹ́ ọpẹ́, ẹ ronú ibi tí àánú ti kàn yín: ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún yín, tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí ẹ ti gbé ọmọ jáde láàyè. Fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ibojì ẹni tó kọ́ ọ ní àdúrà ṣáájú àwọn yòókù. Fún ẹni tó ń wá ìtọ́sọ́nà, orí òkè tàbí ibi gíga tí á ti máa wo àdúgbò tó ń gbé láti òkèèrè. Ohun tó ń dà wá láàmú máa ń yí ìwọ̀n padà tí a bá rí òrùlé ara wa láti ibẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíì lè lọ síbi tí ìṣòro náà wà: ẹ̀yìn ògiri ẹ̀wọ̀n, iwájú ilé ẹjọ́, ẹnu géètì ilé ìwé.

Ẹ má yan ibì kan torí pé ó rẹwà. Ibi tó bá rẹwà jù, ojú ló máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n ti ṣe yín léṣe. Tí ara yín bá ṣì ń gbọ̀n tí ẹ bá rántí rẹ̀, ẹ má dá lọ. Ẹ mú àlùfáà tàbí olùdámọ̀ràn tí ẹ fọkàn tán dání, tàbí kí ẹ yan ibòmíì. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ ẹlòmíì, ẹ má já lu ilé onítọ̀hún lójijì lórúkọ ìrìn-àjò mímọ́. Ọkàn tiyín lẹ fẹ́ kó fúyẹ́ yẹn, ẹ ò lè gbé ẹrù náà lé e lórí.

Ní ti bí ọ̀nà ṣe máa jìn tó: Lúùkù 24 sọ pé láti Jerúsálẹ́mù sí Émáúsì jẹ́ ọgọ́ta fọ́lóǹgì, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 11, àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjèèjì sì rìn ín ní àlọ, wọ́n tún padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Wọ́n ti mọ ìrìn lára. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára, kìlómítà mẹ́ta sí márùn-ún ní àlọ ti tó. Ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń rin kìlómítà mẹ́rin sí márùn-ún ní wákàtí kan, àmọ́ tí àdúrà àti ìdádúró bá wọ̀ ọ́, ẹ kà á sí kìlómítà mẹ́ta. Tí ibẹ̀ bá jìn jù, ẹ wọkọ̀ débì kan, kí ẹ fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Àwọn tó ń gba arìnrìn-àjò ní Santiago de Compostela ní Sípéènì pàápàá máa ń fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin 100 kìlómítà ní ìwé ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó ti ẹnu ààlà Faransé wá gùn ju 700 lọ. Tí ibẹ̀ bá sì sún mọ́ jù, ẹ gba ọ̀nà tó yípo.

Kí ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e máa ṣe? Òun náà lè lọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Chartres, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n to òkúta sílẹ̀ bí ọ̀nà tó ń lọ́ po nínú òbìrí kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 13. Ẹni tó bá rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àárín á rin nǹkan bíi 260 mítà láìkúrò nínú òbìrí yẹn. Ní Lucca, ní Ítálì, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri àbáwọlé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀, tó kéré débi pé ìka la fi ń tọ̀ ọ́. Nítorí náà, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga, láti orí àga dé ojú fèrèsé, tí Sáàmù kan bá wà níbi ìdádúró kọ̀ọ̀kan, ìrìn-àjò ni. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè yan àyíká ilé tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù níbí kàn án bó ṣe kan ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ibì kan, ẹ wádìí bóyá ilẹ̀kùn á ṣí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń wà ní títì láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mójú tó o. Tí kò bá ní ṣí, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìta lẹ máa dúró. Ẹ wá bi ara yín pé: kí ló dé tó fi jẹ́ ibí yìí, tí kì í ṣe ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Tí ìdáhùn náà bá kan gbólóhùn yín, ẹ ti ríbi tí ẹ ń lọ.

3. Ẹ TÚN NǸKAN ṢE NÍLÉ KÍ Ẹ TÓ JÁDE

Kí Jékọ́bù tó padà sí Bẹ́tẹ́lì, ó ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ kó òrìṣà àjèjì dànù, kí wọ́n wẹ ara wọn mọ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ aṣọ. Jésù náà sọ ní Mátíù 5 pé kéèyàn fi ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà. Nítorí náà, tí owó kékeré kan bá wà tí ẹ jẹ, tó sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ san án. Tí ẹ bá yá nǹkan, ẹ dá a padà. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ burúkú sí ẹnì kan láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ pè é.

Ẹ má jẹ́ kí èyí di iṣẹ́ tí ò lópin. Ohun tó bá kan gbólóhùn yín, àtèyí tó ṣeé ṣe láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ni kí ẹ mójú tó. Ìjà ogún ọdún lè jẹ́ ohun tí ẹ ń gbé lọ gan-an. Ẹ ò lè parí rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn.

4. Ẹ TO Ọ̀NÀ ÀTI SÁÀMÙ

Sáàmù 120 sí 134 ni wọ́n ń pè ní Orin Ìgòkè, àwọn orin tí wọ́n so mọ́ ìgòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n. Wọ́n kúrú: ẹsẹ mẹ́ta péré ló wà nínú 131, 133 àti 134, èyí tó gùn jù nínú wọn, 132, ò sì ju ẹsẹ 18 lọ. A lè há wọn sórí, a sì lè kà wọ́n ní ìdúró.

Ẹ má gbìyànjú láti ka gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. 120 dára níbẹ̀rẹ̀, torí igbe ẹni tí wàhálà dé bá ni. 121 wà fún ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń ronú pìwà dà á mú 130, tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ibú. Ẹni tó ń sunkún á mú 126. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré kiri á mú 131. 122 ni kí ẹ kà tí ẹ bá ti rí ibi tí ẹ ń lọ lọ́ọ̀ọ́kán: “Inú mi dùn nígbà tí wọ́n wí fún mi pé, Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé Olúwa.” Ẹ fi 134 sílẹ̀ fún ìparí. Àwọn tí ìjọ wọn máa ń rin Ọ̀nà Àgbélébùú lè to ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá rẹ̀ sójú ọ̀nà dípò Sáàmù. Àmọ́ ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ á máa ka ìwé ni, kò ní rìn.

Ẹ wá so Sáàmù kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tí ojú lè rí: ìkóríta kan, afárá, igi ńlá kan, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé. “Tí mo bá dé afárá” sàn ju “tó bá di aago mẹ́sàn-án” lọ, torí á jẹ́ kí ẹ gbàgbé aago.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ gba ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan ṣáájú. Ibo ni ajá wà? Ibo ni ọkọ̀ ti ń sáré tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀? Ibo ló dá páropáro? Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ rìn ní apá ibi tí ẹ ti máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ibi tí ẹ̀rù bá ń bà yín láti gbà lọ́jọ́ lásán, ẹ má torí àdúrà gbà á. Ẹ sọ ọ̀nà náà fún ẹni tó wà nílé láìwo máàpù. Tí ẹ bá sọ ọ́ tán láìkọsẹ̀, ètò ti tó.

5. LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ẹnu ọ̀nà ilé yín ni ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ dúró lórí àtẹ̀wọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ẹ sọ gbólóhùn yín sókè. Ẹ ka ẹsẹ tó parí Sáàmù 121: “Olúwa yóò pa àlọ àti àbọ̀ rẹ mọ́ láti ìgbà yìí lọ, àti títí láéláé.” Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn fóònù, kí ẹ tì í bọ ìsàlẹ̀ àpò, níbi tí ọwọ́ ò ti ní tètè kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, kó má bàa já yín láyà. Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ọkàn yín ò ní gbàdúrà kankan. Á máa ka iṣẹ́: owó tí ẹ ò tíì san, ẹni tí ẹ ò tíì dá lóhùn, aṣọ tó wà lórí okùn. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé àwọn ò ní ẹ̀bùn àdúrà, tí wọ́n á sì fi nǹkan sétí kí ariwo orin lè bo ariwo ọkàn. Ẹ má fi nǹkan kan sétí, orin ìyìn pàápàá. Ohun tó bá wá sọ́kàn, ẹ dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, “Olúwa, èyí náà rèé,” kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ tó kàn. Kì í pẹ́ tí wọ́n á fi tán. Ẹ ó mọ̀ nígbà tí wọ́n bá tán, torí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹsẹ̀ ara yín lórí ilẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ mú gbólóhùn yín wálé. Ẹ gé e sí méjì, kí apá kan bá èémí tí ẹ fà sínú lọ, kí èkejì bá èyí tí ẹ mí sóde. Tó bá gùn jù, “Jésù Olúwa, ṣàánú fún mi” á ṣiṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ yòówù. Ẹ máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láti ibi ìdádúró kan dé ìkejì. Ní apá tó kàn, ẹ dákẹ́ pátápátá, kí ẹ máa fojú sílẹ̀. Ìyá kan tó fa ọmọ lọ́wọ́, ilé tí wọ́n kọ́ dé ìdajì tí koríko ti hù sínú yàrá rẹ̀: ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ rí bá gbólóhùn yín sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fipá túmọ̀ rẹ̀.

Ṣé ẹ lè mú ẹlòmíì dání? Ẹ lè mú un, kí ẹ má sì ju méjì mẹ́ta lọ. Lúùkù 2 sọ pé Jósẹ́fù àti Màríà rin ìrìn ọjọ́ kan gbáko kúrò ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n rò pé Jésù wà láàárín èrò, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Irú ẹ̀ rọrùn nínú ẹgbẹ́ tó ń fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ẹ fẹnu kò kí ẹ tó gbéra nípa apá ọ̀nà tí ẹ máa dákẹ́ àti apá tí ẹ lè sọ̀rọ̀.

Nípa ara: ẹ má gba ààwẹ̀ aláìmumi rìn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, aláboyún, àti ẹni tó ń lo oògùn gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó da ààwẹ̀ pọ̀ mọ́ ìrìn. Níbi tí bàtà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín lẹ́sẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn kó tó bó. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí ò délẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ pe ẹni tó wà nílé. Ìrìn náà ti parí fún ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run ò sì ní kà á sí yín lọ́rùn.

Ní ìdajì ọ̀nà, ẹ bi ara yín pé: kí ni gbólóhùn mi? Tí ẹ bá rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti gbàgbé rẹ̀, ẹ ò kùnà. Ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ sọ ọ́, kí ẹ tún dìde. Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú tó kù tí ẹ máa fi débẹ̀ lẹ ń kà, ẹ ń yára jù.

6. NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ DÉBẸ̀

Lẹ́yìn wákàtí méjì lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn máa ń lo ìṣẹ́jú márùn-ún níbi tí wọ́n ń lọ. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀ ni. Obìnrin Kristẹni kan wà tó ń jẹ́ Egeria, tó rìn káàkiri àwọn ilẹ̀ inú Bíbélì ní àwọn ọdún 380, tó sì kọ lẹ́tà sí àwọn arábìnrin rẹ̀ nílé. Ó ṣàlàyé pé níbi gbogbo tí àwọn bá ti dé, àwọn á kọ́kọ́ gbàdúrà, àwọn á ka ibi tó bá a mu nínú Bíbélì, àwọn á ka Sáàmù kan, àwọn á sì tún gbàdúrà. Mi ò tíì rí ètò tó dára ju èyí lọ. Ẹ lò ó bó ṣe wà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó, ẹ nu òógùn, ẹ mu omi, ẹ má sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni àdúrà kìíní, kó ṣe ṣókí: “Olúwa, mo ti dé.” Ẹ ka ẹsẹ̀ Bíbélì tó kan ọ̀rọ̀ yín, lẹ́ẹ̀mejì, kí èkejì falẹ̀ ju ìkíní lọ. Ẹ ka Sáàmù. Àdúrà kejì ni kí ẹ ti sọ gbólóhùn yín sókè, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, bó ṣe wù kó pẹ́ tó. Ohùn tó jáde lẹ́nu yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú orí. Ẹ jẹ́ kí etí yín gbọ́ ọ.

Ẹ má retí kí ilẹ̀ mì. Ní 1 Àwọn Ọba 19, Olúwa ò sí nínú ẹ̀fúùfù, kò sí nínú ìmìtìtì ilẹ̀, kò sí nínú iná. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló tẹ̀ lé wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ ò ní mọ ohunkóhun lára. Ẹ má fipá sunkún, ẹ má sì fipá rí ìran. Ẹ kàn dúró, ó kéré tán ìdajì wákàtí.

Ìkìlọ̀ kan rèé tí mi ò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ má bu iyanrìn ibẹ̀, ẹ má pọn omi ibẹ̀, ẹ má ṣa òkúta ibẹ̀ lọ sílé láti fi ṣe ìṣọ́ra. Agbára ò sí nínú wọn. Ẹni tó bá ń gbẹ́kẹ̀ lé iyanrìn ti gbàgbé ẹni tó wá pàdé. Ẹ má sì kọ nǹkan sára ògiri tàbí so aṣọ mọ́ igi onígi.

Kí ẹ tó dìde, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé kékeré náà: ohun tí mo rí lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ Bíbélì tó dúró sí mi lọ́kàn, ohun tí mo máa ṣe. Ìlà kẹta la fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọwọ́ tàbí ẹnu lè ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí. “Màá ní sùúrù sí i” ò tó. “Màá pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Àìkú, màá sì bi í léèrè ara rẹ̀ kí n tó sọ tèmi” ló tó. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kọ síbẹ̀, ẹ má tíì dìde.

7. ÀBỌ̀

Sáàmù 121 dárúkọ àlọ, ó dárúkọ àbọ̀. Àmọ́ àbọ̀ yìí lọ̀pọ̀ ń sọ nù: wọ́n á fò wọkọ̀, wọ́n á mú fóònù jáde, kí wọ́n tó délé wọ́n ti wà nínú ìjíròrò mẹ́rin. Tí agbára bá wà, ẹ fẹsẹ̀ rin díẹ̀ nínú àbọ̀ náà, bó bá tiẹ̀ ṣe kìlómítà kan tó kẹ́yìn. Ẹ má tọrọ ohunkóhun mọ́ lójú ọ̀nà àbọ̀. Ọpẹ́ nìkan. Tí ẹ bá mọ ọ̀nà míì tó láàbò, ẹ lè gbà á padà, bí àwọn amòye tó wá láti ìlà oòrùn ṣe ṣe ní Mátíù 2.

Tí ẹ bá délé, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ ka Sáàmù 134. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń retí yín mọ̀ pé ẹ ti dé. Ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sinmi. Lálẹ́, ẹ sọ ìrìn náà fún ẹnì kan ṣoṣo tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí gbogbo ayé bá ti fọwọ́ sí máa ń tètè tutù lọ́kàn ẹni tó ni ín.

Tí ọ̀sẹ̀ bá yí po, ẹ ṣí ìwé kékeré náà. Ẹ ti ṣe ìlà kẹta àbí ẹ ò tíì ṣe é? Tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ lè wá máa ro ti ìrìn mìíràn, láìkánjú. Ní Diutarónómì 16:16, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì fara hàn níwájú Olúwa, ìwọ̀n yẹn sì dára fún wa: ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ọ̀rọ̀ tuntun, ibi tuntun tàbí ibi kan náà. Ẹ má sáré padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti lọ wá bí ara yín ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ ò bá sì tíì ṣe ìlà kẹta, ẹ má yan ọjọ́ kankan. Èyí tí ẹ lọ ò tíì parí. Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe ohun tí ẹ kọ.